Ọdún Tí Ọrùn Mi Ò Gbọdọ̀ Yí

Omi ṣì ń kán lára fíìmù náà nígbà tí Dókítà gbé e sókè síbi oòrùn láàárín agbo ilé wa. Gbogbo wa la gbójú sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ ohun tó yẹ ká máa wò. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, rò pé àwòrán àyà òun ni. Ó ti ń béèrè bóyá ikọ́ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró òun tán. Dókítà fojú sún mọ́ fíìmù náà, ó fi ìka tọ ibì kan lára rẹ̀, mo sì rí i tí ẹnu rẹ̀ là tí kò padé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá mi kiri. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni mo wà, ife wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n bu omi mu. "Atansíọ́ọ̀!" ló ké. Òdìkejì bọ́dà, lọ́nà Pọ́bẹ̀, ni wọ́n ti bí Dókítà obìnrin náà. Bí ẹ̀rù bá bà á, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀! Ẹ dì í mú! Rárá, rárá, ẹ má dì í mú! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìwọ ọmọ, dúró bẹ́ẹ̀. Má wo ibì kankan. Èmi ni kí o máa wò." Mo dúró. Ilé tí adìẹ, odó àti ọmọ kékeré kì í jẹ́ kó sinmi wá dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara fíìmù sílẹ̀.

"Egungun ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́," ni Dókítà sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ta ló sọ pé ó rọ́? Kò rọ́. Ó ṣẹ́."

Títí di òní, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé orí ìdúró ni mo wà. Mo ti jẹ ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ilá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti gbá ojúde. Mo ti bá Màmá mi fọ àwo. Ọrùn tó ti ṣẹ́ ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Lójú ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà, ẹni tí egungun rẹ̀ bá ṣẹ́ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ máa ké ni. Mo ti dàgbà báyìí, ewú ti gba iwájú orí mi, síbẹ̀ mi ò lè rí àpò sìmẹ́ǹtì lórí ọmọ bíríkìlà kí n má gbójú kúrò. Bí ènìyàn bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Màmá àwọn ń yí bíi mọ́tò akẹ́rù, àfi kí kọndọ́kítọ̀ máa pariwo lẹ́yìn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kì í sọ fún wọn pé bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, mo máa ń kọ́kọ́ mi ìka ẹsẹ̀ mi wò.

Ẹ̀gẹ́ ló fà á. Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọ̀dàn. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, láfún sì ni àwọn obìnrin agbo ilé wa ń ṣe. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ kan lódìkejì odò la máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Bó bá ti rọ̀, a ó kó o sínú báàfù, a ó rù ú wálé, a ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a ó sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gẹ́ tó ti mu omi yó wúwo, ó sì ń rùn, omi rẹ̀ á máa ṣàn wá sí ọ ní iwájú orí bọ́ sójú. Ìtì ọ̀pẹ ni wọ́n tò pọ̀ ṣe afárá odò náà, òjò sì ti rọ̀ sórí rẹ̀ láti ìdájí. Màmá mi wà níwájú, èmi wà láàárín, Ìyá Ìbejì, ìyàwó àbúrò bàbá mi, wà lẹ́yìn. Òṣùká mi kò jókòó dáadáa. Bí mo ṣe dé àárín afárá ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ǹ bá ju báàfù náà sódò, kò sí ohun tí ì bá ṣe mí ju kí n fi ìdí gbálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé wa kì í ju ẹrù nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé abọ́ kékeré lé wa lórí ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ẹni tó bá kọsẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ẹrù ni kó kọ́kọ́ dì mú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo ṣubú, orí mi kọ́kọ́ kan ìtì ọ̀pẹ, báàfù sì jókòó lé e. Ohun kan ró pá nínú etí mi, bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ. Ìyá Ìbejì sáré gbé báàfù kúrò. "Ẹ wò ó, ẹ̀gẹ́ ò dànù!" ló sọ fún Màmá mi, ó ń fi ìrọ́jú rẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún. "Akọni ọmọ!" Inú mi dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí dáadáa pé inú mi dùn.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọrùn mi ti gan, orí mi sì tẹ̀ sápá òsì bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Nílé wa, bí nǹkan bá rọ́ lára ènìyàn, Ìyá Ìbejì ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n gbà ní àdúgbò wa pé ọwọ́ ẹni tó bí ìbejì a máa wo ibi tó bá rọ́, àti pé bí ìbejì fúnra wọn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn tó ń dunni, ìrora á lọ. Àwọn àgbẹ̀ máa ń wá láti oko, wọ́n á dojúbolẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé, á gùn wọ́n lẹ́yìn, wọ́n á máa rìn lórí wọn bí ẹni ń gun òkè, wọ́n á sì gba mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀pà lọ́wọ́ wọn. Ní tèmi, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló mú un. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó sórí àpótí, tí á fi orúnkún méjèèjì há mi lórí, á fi àdín ra ọwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. "Fara dà á, ìyá mi. Ó ń bọ̀ sípò, ó ń bọ̀." Bí nǹkan bá dún kẹ́ lọ́rùn mi, inú rẹ̀ á dùn. "Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ? Ó ti wọlé!" Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé garawa omi kékeré lé mi lórí kí ọrùn lè jókòó dáadáa. Bàbá mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lábẹ́ abíyá, á ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé ó ti ń rọ̀?" Mo máa ń dáhùn pé ó ti ń rọ̀. Ó ń ṣe mí nígbà mìíràn bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú apá òsì mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ ní sísọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ronú kan ìfẹ́ náà, ara mi a tutù.

Ẹ̀rọ náà kò tìtorí mi wá. Ilé ìwòsàn ìjọ kan ló máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri àwọn abúlé ẹ̀bá bọ́dà láti wá àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlarò tìtorí ikọ́ lásán. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara ni wọ́n gbé wá. Kò tóbi. Inú àpótí kan bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó wà, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ṣeé tò, ṣeé tú, jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn fún un lẹ́yìn ọkọ̀. Agbo ilé wa ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí nítorí yàrá Ìyá Àgbà kò ní fèrèsé. Inú òkùnkùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fọ fíìmù, nínú ike oògùn olóòórùn líle. Ìyá Àgbà kò fẹ́. "Yàrá tí mo kó àwọn aṣọ ìgbéyàwó mi sí lẹ fẹ́ sọ di ibi ìpaláró?" Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Bọ̀dá Fẹ́mi, ọ̀dọ́kùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà, á to ènìyàn mọ́ páálí kan lára ògiri, á ké pé, "Fa èémí sínú! Má mí! Má mira!" Ẹ̀rọ á dún tíkẹ́. "Ó tán. Máa mí." Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọmọdé ilé wa ti mọ̀ ọ́n ké.

Nígbà tó kan Ìyá Àgbà, ó ní òun kò ní dá dúró níwájú irin tó ń wo inú ènìyàn, àfi kí Bọ́sẹ̀ dúró ti òun. Bọ̀dá Fẹ́mi ní kí n bọ́ sẹ́yìn. Mo yí gbogbo ara mi bí àwo tí wọ́n ń yí lórí tábìlì. Ó wò mí. "Kí ló ṣe ọ́ lọ́rùn?"

"Ó rọ́ ni, sà."

"Wọ́n ń fà á," ni Ìyá Àgbà bá a sọ, inú rẹ̀ dùn láti ṣàlàyé. "Ìyàwó wa ń fà á láràárọ̀. Ó kù díẹ̀."

Bọ̀dá Fẹ́mi lọ bá Dókítà sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ Dókítà, ó ń nu ojú, ó wò mí láti òkèèrè, ó ní, "Ẹ ya òun náà kí ẹ tó di ẹrù. Láti ẹ̀gbẹ́." Bí wọ́n ṣe ya ọrùn mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún un, kò sí ẹni tó retí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ká ní obìnrin náà sọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ká ní Ìyá Àgbà kò bẹ̀rù irin.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìtàn: mo ṣì dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Dókítà ní kí wọ́n gbé abọ́ wá. Ó to abọ́ lé orí ara wọn níwájú Bàbá àti Màmá mi. "Bí egungun ọrùn ṣe wà nìyí. Okùn kan gba àárín wọn kọjá. Òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ láti inú orí dé ọwọ́, dé ẹsẹ̀, dé ibi tí a fi ń mí. Abọ́ kan ti là. Ó ti yẹ̀ díẹ̀. Bó bá tún yẹ̀ ju báyìí lọ..." Ó fi ìka ti abọ́ kan. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, kò wá ibi tó máa jókòó sí. Ìyá Àgbà béèrè pé, "Dókítà, ṣé ọmọ mi yóò kú ni?" Dókítà wò ó. "Ìyá, ohun tí mi ò mọ̀ ni bó ṣe wà láàyè. Ẹ ní wọ́n ń fà á?"

Ìyá Ìbejì wà lẹ́bàá ilé ìdáná, àdín ṣì ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ó wo ọwọ́ náà. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó tún wò ó, ó tún nù ún. Nígbà tó yá, ó rìn jáde lẹ́yìn ilé, n kò sì rí i mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá mi fẹ́ kí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ wọn kíákíá. Dókítà jáde lọ wo ojú ọ̀nà tí òjò ti gbẹ́ di kòtò, ó padà wá, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ tó bá fò lẹ́ẹ̀kan péré nínú kòtò yẹn lè parí ohun tí afárá bẹ̀rẹ̀. "Kò ní wá bá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni yóò máa wá bá a." Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn Ìyá Àgbà nínú yàrá tó ṣì ń rùn fún oògùn fíìmù. Dókítà gé páálí tí oògùn wà nínú rẹ̀, ó fi òwú àti bándéèjì yí i ká, ó fi ṣe kọ́là fún ọrùn mi. Bàbá mi gé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò kan, Màmá mi rán wọn ní ìsàlẹ̀, wọ́n rọ iyanrìn sí wọn, wọ́n gbé ọ̀kan sí etí mi ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Àwọn tó gbé mi lọ sórí pákó náà pọ̀, gbogbo wọn ń mí gùlegùle bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yíjú. N kò gbọdọ̀ gbórí. Bí mo bá fẹ́ wúkọ́, kí n kọ́kọ́ pe Màmá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà di ẹni tó ń fi etí gbé nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Páànù àti igi àjà nìkan ni mò ń rí, àti aláǹgbá kan tó máa ń wá wò mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn. Bàtà Bàbá mi máa ń ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé, nítorí ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbàdúrà kó tó wò mí. Mo ń gbọ́ agogo ilé ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré lọ bá, igbá ìyangààrí tó ń ha agbada, ìpè àdúrà láti mọ́sálásí ọ̀nà ọjà, àti ọ̀kadà àwọn oníràìsì tó ń gba ẹ̀yìn ilé wa sá fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá sáré kọjá, pákó abẹ́ mi á gbọ̀n, èmi náà á gbọ̀n. Màmá mi á ti máa ké lójúde: "Ẹ rọra o! Aláìsàn wà nílé yìí!" Ọ̀kan dá a lóhùn rí, kò tilẹ̀ dúró: "Màmá, àwa náà máa di aláìsàn bí wọ́n bá lé wa bá!" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé e. Àyà tirẹ̀ mọ́. Èéfín ilé ìdáná ni wọ́n ní ó ń bá a jà. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi ń fún mi ní ògì fà mu, nítorí ihò wà láàárín rẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń rún ẹ̀kọ sínú ọbẹ̀, á fi ìka mẹ́ta fi í sí mi lẹ́nu bí ọmọ ìkókó, á ní, "Jẹ ẹ́, ìyá mi. Má jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń kánjú. Ibo lò ń lọ?"

Ohun kan ṣoṣo ni n kò gbọ́: ohùn Ìyá Ìbejì. Ó ń gbé inú agbo ilé kan náà pẹ̀lú wa, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ọ̀gangan yàrá mi, ẹsẹ̀ náà á yí padà. Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà dá a dúró lójúde. "Ọmọ tí a bí, ìwọ lò ń fà bí ẹni fa okùn ẹran!" Màmá mi ló fèsì. "Ìyá, gbogbo wa la jókòó tì í. Èmi ni mo di ọmọ náà ní ẹsẹ̀ mú." Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn kò ju odó lọ, ẹnìkan sì ń gún un bí ẹni tó fẹ́ kó fọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí jù kọ́ ni ọjọ́ fíìmù. Ọ̀sán kan ni, ojú ọ̀run ṣú lójijì, láfún sì wà lórí àpáta. Bí òjò bá pa láfún tó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo àgbà ilé sáré jáde, Màmá mi ní, "Bọ́sẹ̀, mò ń bọ̀, má mira." Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà náà ni mo rí orí méjì lókè ojú mi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀," ni Táyé wí, "a wá tẹ̀ yín."

"Màmá wa ò wá fa ọrùn yín mọ́," ni Kẹ́hìndé fi kún un. "Àwa la máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa fún wa ní ẹ̀pà o."

Mo pariwo pe Màmá. Òjò gbé ohùn mi mì. Táyé ti ń wọ́ àpò iyanrìn apá ọ̀tún, ó wúwo fún un, ó fi gbogbo ara fà á, ó já lulẹ̀ gbì. Pákó mì. Orúnkún Kẹ́hìndé ti wà lórí ibùsùn. Mo ní ìmọ̀lára ọwọ́ kékeré tó tutù ní etí mi. N kò lè tì í, nítorí bí mo bá fi agbára gbé apá, ọrùn mi yóò bá a lọ. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ti wá. Mo ní, "Ẹ dúró ná! Mo fẹ́ ya yín ní fọ́tò egungun!"

Ọwọ́ náà dúró. "Ẹ ò ní ẹ̀rọ," ni Táyé sọ.

"Ojú mi ni ẹ̀rọ. Ó ti ń gbóná. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yà." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀. Mo fi ohùn Bọ̀dá Fẹ́mi ké: "Fa èémí sínú! Má mí! Má mira!" Mo ka iye tí mo lè kà. Mo fi ahọ́n dún bí ẹ̀rọ. "Ó tán. Ẹ máa mí."

"Ṣé egungun wa dáa?"

"Kò hàn. Ẹnìkan mira."

"Kẹ́hìndé ni!"

"Irọ́ ni! Ìwọ lo rẹ́rìn-ín!"

"A máa tún un yà," ni mo wí. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè." Mo yà wọ́n títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ya àyà wọn, mo ya orí wọn, mo ya ikùn Táyé tó sọ pé òun ti jẹ iyọ̀ jù. Láàárín gbogbo rẹ̀, apá ọ̀tún orí mi ṣófo, kò sí iyanrìn níbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sétí kànga ṣe ń mọ kànga.

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ wọlé. Òórùn láfún tutù ni mo fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà dúró gbọin mọ́ ògiri, wọn ò mí, nítorí mo ní kí wọ́n má mí. Ó rí wọn, ó rí àpò iyanrìn nílẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀, mo gbọ́ èémí rẹ̀ nìkan, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé. Kò nà wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ etí mi díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ kàn mí rárá. "Ṣé ó há?" ló béèrè.

"Ó há, mà."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bọ́sẹ̀, ọwọ́ mi yìí. Láràárọ̀. Tí mo tún ń sọ pé ó ti wọlé."

Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi tu àgbà nínú. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ìka mi ń mira." Ó lọ síbi ẹsẹ̀ mi. Mo ń mi ìka, ó ń wò ó, òjò ń rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló ń jókòó sí bó bá ń bó ẹ̀gúsí, kò sì sí ọmọ tàbí ewúrẹ́ tó tún kọjá rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ní Ìlarò tí mò ń gbé báyìí, ìyá aládùúgbò mi ṣubú nínú balùwẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti yí i ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sóde, ọ̀kan sì ti di gìgísẹ̀ mú kó lè fà á kó tọ́. Ariwo tí mo pa, àwọn ará ilé kejì rò pé olè ni. "Ẹ má fà á! Ẹ má fà á!" Wọ́n ní Màmá Bọ́sẹ̀ ti ya wèrè; Bọ́sẹ̀ ni àkọ́bí mi náà ń jẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀rọ ayàwòrán àwọn onífọ́tò ìgbéyàwó lọ. Ó yà á lórí ibi tó dùbúlẹ̀ sí, àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n tó mí tán. Egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Kò sí ike oògùn, kò sí yàrá òkùnkùn, kò sí omi tó ń kán. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí iṣẹ́ ọmọ náà. Èmi fẹ̀yìn ti ògiri, mo rí i pé n kò mí.

Ní ọdún tí mo wà lórí pákó yẹn, wọ́n gbé ẹ̀rọ padà wá bá mi gẹ́gẹ́ bí Dókítà ti ṣèlérí. Nígbà àkọ́kọ́, lórí pákó náà ni Bọ̀dá Fẹ́mi ti yà mí. Dókítà gbé fíìmù sí oòrùn, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ní egungun ti ń wá ara wọn, ṣùgbọ́n okùn náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Wọ́n jẹ́ kí n máa jókòó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú kọ́là. Nígbà tí wọ́n fi tún dé, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, eruku ọkọ̀ wọn la kọ́kọ́ rí. Kò sí ẹni tó lọ sóko lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọ fíìmù náà, Dókítà gbé e jáde, omi ń kán. N kò wo fíìmù. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, bóyá yóò là. Ó padé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti jinná," ló sọ fún Bàbá mi. "Ó ti so pọ̀, ó le. Kò sí ewu mọ́." Ó wá bá mi, ó tú bándéèjì, ó bọ́ kọ́là náà kúrò. Afẹ́fẹ́ fẹ́ mi lọ́rùn, ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò lójú ọjà. "Yíjú sọ́tùn-ún, màdámúàsẹ́ẹ̀lì, ọmọge mi."

N kò lè yí i. Gbogbo ilé ń wò mí, Bàbá mi ti di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Mo sọ fún ọrùn mi pé kó yí, ó kọ̀. Dókítà dúró, kò kán mi lójú. Nígbà tó pẹ́, ó yí díẹ̀, mo rí ilé ìdáná tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó tún yí sí i, mo rí Màmá mi. Kò dùn mí.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fa imú, ó ní, "Ọmọ yìí ń rùn o." Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti de páálí náà mọ́ mi, wọ́n ń fi aṣọ tutù nu gbogbo ara mi, ṣùgbọ́n omi kò kan ọrùn mi rí. Màmá mi mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Ó fọ apá mi, ó fọ ẹ̀yìn mi, ó dé ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ní, "Màmá, ẹ fọ̀ ọ́." Ó da omi sí i díẹ̀. Ó fi kànìnkànìn kàn án bí ẹni fi ọwọ́ kan iná wò. Ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í ká jáde, omi tó ń ṣàn lọ́rùn mi dúdú bí omi ìkòkò aró, Màmá mi sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ látìgbà tí a ti ti odò bọ̀. "Ìyá Ìbejì!" ló pè. "Wá wo oko tí ọmọ rẹ dá sọ́rùn!"

Ìyá Ìbejì gbé garawa omi mìíràn wá. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó sì fẹ́ padà. Màmá mi na kànìnkànìn sí i. "Gbà, ọwọ́ ń ro mí. Bá mi fọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́."

"Omi ń tutù."

Ó gba kànìnkànìn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá iwájú orí mi mú kí ó má bàa mì, ó fi èkejì fọ̀ ọ́. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí omi fi mọ́.